Kẹ̀kẹ́ Kan, Mẹ́dàlì Mẹ́ta: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà Nínú Mẹ́dàlì Akópa Òlíḿpíìkì 1908, 1912 àti 1948?

Bí ẹ bá ń wá mẹ́dàlì ìrántí eré ìdárayá àtijọ́ lórí eBay tàbí lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi pàdé kẹ̀kẹ́ kan tí ẹṣin mẹ́rin ń fà. Ó wà lára mẹ́dàlì Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù 1908. Ó wà lára ti Stockholm 1912. Ó tún yọjú lára ti Lọ́ńdọ̀nù 1948. Àwòrán kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń tà wọ́n jìnnà síra gan-an. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti máa ń fi owó 1908 ra 1948, òǹtajà fúnra rẹ̀ sì lè máà mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Èrò tiwa rèé kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ẹ fi 1948 bẹ̀rẹ̀, kí 1912 tẹ̀ lé e, kí 1908 gbẹ̀yìn. 1908 dára púpọ̀, àmọ́ òun ni àṣìṣe ibẹ̀ wọ́n jù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi mẹ́dàlì olówó gọbọi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo etí mẹ́dàlì.

Akópa kì í ṣe aborí

Mẹ́dàlì akópa ni èyí tí wọ́n fún àwọn tó wá sí ìdíje, eléré àti aláṣẹ pọ̀, láìwo ipò tí ẹnikẹ́ni gbé. Mẹ́dàlì aborí jẹ́ ti ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ yìí rọrùn títí ọ̀rọ̀ á fi kan idẹ. Òǹtajà á kọ ọ́ pé “mẹ́dàlì idẹ, Lọ́ńdọ̀nù 1948”, ẹni tó ń kà á á rò pé ti ipò kẹta ni, bẹ́ẹ̀ irin tí wọ́n fi ṣe é nìkan ni òǹtajà ń sọ.

Fún 1908 àti 1912, rúlà lásán á yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́dàlì aborí fẹ̀ ní mìlímítà 33 péré. Ti akópa fẹ̀ tó 50 sí 51. Ohun tí wọ́n fún ẹni tó gbé ipò ogún tóbi ju ti ẹni tó gba wúrà lọ. Àmọ́ wúrà gidi ni wúrà ìgbà náà. Ọdún 1912 ni ìyẹn dópin. Láti ìgbà náà, fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí.

Ní 1948 rúlà kò ràn yín lọ́wọ́ mọ́, torí pé aborí àti akópa ló fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 51. Àwòrán ni kí ẹ wò. Aborí 1948 gbé Nike, òrìṣà ìṣẹ́gun àwọn ará Gíríìkì, tó jókòó, tó mú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ kan, tó gbé adé sókè lọ́wọ́ kejì. Giuseppe Cassioli ló ya ìyẹn, Amsterdam 1928 ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ó. Akópa 1948 gbé ilé aṣòfin Ìlú Ọba àti aago Big Ben, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe mẹ́dàlì ní “ipò kẹta 1948”, tí fọ́tò rẹ̀ sì fi kẹ̀kẹ́ hàn, ẹ kọjá lọ, tàbí kí ẹ san owó akópa fún un.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bertram Mackennal, agbẹ́kúta ọmọ Ọsirélíà, ló ya kẹ̀kẹ́ náà. Òun kan náà ló ya orí Ọba George Karùn-ún tó wà lára owó ẹyọ ìgbà náà, títí kan ṣílè West Africa tí àwọn bàbá bàbá wa ná ní Èkó àti Ìbàdàn. Ó kú ní 1931. Nígbà tí Òlíḿpíìkì padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, wọ́n tún gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

| | Lọ́ńdọ̀nù 1908 | Stockholm 1912 | Lọ́ńdọ̀nù 1948 |
|---|---|---|---|
| Ojú kejì sí kẹ̀kẹ́ | Obìnrin abìyẹ́ tó dúró lórí àgbáyé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìrántí ní Gẹ̀ẹ́sì | Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, jókòó, ó gbé Nike lé ọwọ́, Acropolis (òkè tẹ́ńpìlì ìlú Áténì) wà lẹ́yìn rẹ̀ | Ilé aṣòfin, Big Ben, òrùka márùn-ún |
| Ẹni tó ya ojú kejì | Mackennal | Erik Lindberg | John Pinches |
| Ilé iṣẹ́ | Vaughton, Birmingham | Sporrong, Stockholm | John Pinches, Lọ́ńdọ̀nù |
| Fífẹ̀ (mìlímítà) | 50 sí 51 | 51 | 51 |
| Irin | Idẹ, irin funfun. Ti fàdákà ṣọ̀wọ́n | Irin funfun, idẹ. Ti fàdákà ṣọ̀wọ́n | Idẹ |
| Eléré tó kópa | bíi 2,000 | bíi 2,400 | bíi 4,100 |

Irin funfun tí a ń sọ ni tánńganran (tin) tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn. Kì í ṣe fàdákà, bó ti wù kó tàn tó.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì yẹn ń sọ ìdí tí 1948 fi rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye eléré nìkan díwọ̀n bí mẹ́dàlì ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Àwọn aláṣẹ náà gbà, àwọn mìíràn sì ti sọnù, ọmọdé ti fi àwọn kan ṣeré, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò sára àwọn kan láti fi wọ́n kọ́rùn. Mẹ́dàlì tó ní ihò ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú iye rẹ̀, ẹni tó bá sì dí ihò náà padà tún ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ibi tí wọ́n dí máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀, àwòrán ibẹ̀ á sì rí pẹlẹbẹ.

1908 tàbí 1912?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, torí pé àwọn méjèèjì yìí ló ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ló sì ń bá ara wọn du owó tó wà lápò yín.

Ti 1908 ní iyì orúkọ. Ojú méjèèjì ló jẹ́ iṣẹ́ Mackennal, nítorí náà àwọn tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ ń wá a, àwọn tó ń kó Òlíḿpíìkì jọ ń wá a, àwọn tó ń kó ohun ìrántí Lọ́ńdọ̀nù jọ náà ń wá a. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó fi ń gun orí mẹ́dàlì kan. Ti 1912 ní Lindberg, ẹni tó ya mẹ́dàlì Nobel, ojú Zeus tó ya sì jinlẹ̀ ju obìnrin abìyẹ́ ti 1908 lọ lójú tiwa: ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni orí òpó tí ó jókòó lé. Síbẹ̀ iye rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti 1908 bí ipò àwọn méjèèjì bá dọ́gba.

Bí wọ́n ṣe ń gbó náà yàtọ̀. Idẹ 1908 máa ń kọ́kọ́ gbó níbi tó yọ sókè jù: àyà ẹṣin, orí ìyẹ́, orúnkún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná kan ṣoṣo. Bí àyà ẹṣin bá ń tàn bíi ti owó tó pẹ́ lọ́wọ́, tí ìyókù sì dúdú, ìgbó ni ìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń tàn bákan náà, wọ́n ti fi nǹkan fọ̀ ọ́, ìyẹn sì burú jù ú lọ. Irin funfun rọ̀ gan-an. Bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan sórí símẹ́ǹtì, etí rẹ̀ á tẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà tún un ṣe tí kò ní hàn. Nítorí náà, fún 1912, ẹ yí etí rẹ̀ po pátápátá kí ẹ tó wo ojú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí 1912 onírin funfun tí etí rẹ̀ pé, tí ìṣẹ́po aṣọ Zeus sì hàn, ẹ gbé e ṣáájú 1908 onídẹ tí àyà ẹṣin rẹ̀ ti gbó. Àwọn tó ń ta ọjà á sọ pé 1908 “á máa gbówó lórí”. Mẹ́dàlì tó ti gbó kì í gbówó lórí bí òǹtajà ṣe rò. Èyí tó mọ́ ni gbogbo ènìyàn ń du.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí fọ́tò kì í fi hàn dáadáa. Ní 1908, kẹ̀kẹ́ ni ojú, ní 1912 òun ni ẹ̀yìn. Àwọn òǹtajà tó ń fi fọ́tò kan ṣoṣo polówó sábà máa ń ya ibi kẹ̀kẹ́ torí pé òun ló wuni jù. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún fọ́tò kẹ̀kẹ́ nìkan. Ojú kejì ló ń sọ ọdún.

1948: ibi tó rọrùn àti ibi tó lè tàn yín

Idẹ ni, ó wọ́pọ̀, ó sì rọrùn láti fi wé òmíràn torí pé ẹ lè rí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí àtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kó dára fún ẹ̀kọ́. Ẹ ra ọ̀kan tó mọ́, kí ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wò ó bí lẹ́tà òǹtẹ̀ ṣe máa ń rí lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà máa ń dúró ṣánṣán, ilẹ̀ tó wà láàárín lẹ́tà sì máa ń tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú yín á ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó sì lè fi wo 1908.

Ohun tó lè tàn yín níbẹ̀ ni páálí rẹ̀. Bí páálí àkọ́kọ́ bá wà, iye á lọ sókè, nítorí náà àwọn kan ń fi páálí mẹ́dàlì mìíràn kún un. Ẹ wo bóyá mẹ́dàlì bá ihò inú rẹ̀ mu láìmì, bóyá àmì yíká tó fi sílẹ̀ lára aṣọ inú páálí bá fífẹ̀ rẹ̀ mu, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà nínú ìdérí bá ti mẹ́dàlì mu. Páálí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 57 kò sí fún mẹ́dàlì 51.

Ṣé fàdákà ni lóòótọ́?

Ti fàdákà 1908 àti 1912 wà, àmọ́ wọn kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni idẹ tàbí irin funfun tí ẹnì kan pa ní fàdákà lẹ́yìn ọdún. Lára iṣẹ́ fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè rí kìnnìún tó ń rìn, ìyẹn àmì fàdákà ìdá 925 nínú 1,000, àti ìdákọ̀ró tó jẹ́ àmì Birmingham. Bí àmì bá wà, ó dára. Bí kò bá sí, ẹ má tíì pe òǹtajà ní onírọ́, torí kì í ṣe gbogbo mẹ́dàlì ló gba àmì. Ẹ fi omi wọ̀n ọ́n.

Ẹ nílò ìwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù (0.01), ife omi kan àti òwú tín-ínrín. Ẹ wọn mẹ́dàlì ní gbígbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi sórí ìwọ̀n, ẹ dá nọ́ńbà padà sí òdo. Ẹ fi òwú so mẹ́dàlì, kí ẹ rì í títí omi á fi bò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó bá hàn lórí ìwọ̀n ni kí ẹ fi pín ti àkọ́kọ́.

Ká ní mẹ́dàlì wúwo ní gíráàmù 52, tí nọ́ńbà inú omi sì jẹ́ 5.9. 52 tí a fi 5.9 pín jẹ́ 8.8. Idẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ fàdákà ìdá 925 ni, ìdáhùn á súnmọ́ 10.3, nọ́ńbà inú omi á sì wà ní nǹkan bíi 5.05. Irin funfun tó kún fún tánńganran máa ń wà ní àyíká 7.3, òjé wà ní 11.3. Bí ìdáhùn bá lé ní 10.5 fún ohun tí wọ́n pè ní fàdákà, òjé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ohun méjì ló máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìfófòó afẹ́fẹ́ kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ àárín lẹ́tà. Á mú kí nọ́ńbà inú omi pọ̀ jù, fàdákà gidi á sì jáde bí ohun tó fúyẹ́. Ẹ kán ọṣẹ àwo kan ṣoṣo sínú omi, kí ẹ mi òwú díẹ̀. Ìkejì ni kí mẹ́dàlì kan ìsàlẹ̀: nọ́ńbà á fò sókè lójijì. Ẹ má ṣe é fún èyí tó ní rìbọ́ọ̀nù tàbí ọ̀dà lára, ẹ sì nu mẹ́dàlì gbẹ kíákíá.

Ibi tí ìdánwò omi kò ti tó ni láàárín irin funfun àti ayédèrú onísíńkì, torí pé síńkì wà ní 7.1, ó súnmọ́ tánńganran jù. Níbẹ̀ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ìka kan, kí ẹ fi igi kékeré lù ú jẹ́jẹ́ létí. Síńkì máa ń dún gooro. Irin funfun máa ń dún pòkì. Ẹ gbé òòfà súnmọ́ ọn pẹ̀lú: idẹ, fàdákà àti tánńganran kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ òòfà rárá.

Èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù àti èyí tí wọ́n dà

Mẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, òǹtẹ̀ irin ni wọ́n fi lù wọ́n. Ayédèrú tó rọrùn jù láti ṣe ni kí ènìyàn fi mẹ́dàlì gidi ṣe mọ́ọ̀dù, kí ó yọ́ idẹ, kí ó dà á sínú rẹ̀. Idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù, ní nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́dàlì mìlímítà 51 á di nǹkan bíi 50.2.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìyẹn, wọ́n á sì fi kálípà (irin ìwọ̀n tó ń gbá etí méjèèjì mú) wọn etí dé etí. Kò tó. Fífẹ̀ 1908 fúnra rẹ̀ wà láàárín 50 àti 51, ẹni tó ń ṣe ayédèrú sì lè fi irin kún etí rẹ̀. Ẹ wọn ohun tó wà nínú àwòrán: láti imú ẹṣin àkọ́kọ́ dé ẹ̀yìn àgbá kẹ̀kẹ́, tàbí láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Òǹtẹ̀ kan máa ń fi àyè kan náà sílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí àyè yẹn bá kéré sí ti mẹ́dàlì gidi, wọ́n dà á ni. Torí kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ló wà lára 1948 yín, ẹ ti mọ bí ara ẹṣin àti àgbá ṣe yẹ kó rí lábẹ́ awò. Ẹ kàn má fi àyè 1948 wọn 1908 bí ẹni pé òǹtẹ̀ kan náà ni; fọ́tò 1908 tó ní rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ilé gbàǹjo tó lórúkọ, ni kí ẹ fi wé e.

Àwọn àmì mìíràn ni ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ mẹ́dàlì, lẹ́tà tí etí rẹ̀ yípo bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, àti ìlà fáìlì lára etí níbi tí wọ́n ti gé irin tó kù. Bí ìlà kan bá yí etí po ní àárín gbùngbùn, wọ́n fi awẹ́ méjì lẹ̀ mọ́ra ni. Irú ìyẹn máa ń fúyẹ́, tàbí kí òjé wà nínú rẹ̀ kó lè wúwo.

Àwọn tó wà lẹ́yìn mẹ́ta yìí

Áténì 1896 ni àlá gbogbo olùkójọ. Nikephoros Lytras ló ya akópa rẹ̀, mìlímítà 50: Nike jókòó, ẹyẹ tó ń dìde láti inú iná wà níwájú rẹ̀, Acropolis wà lẹ́yìn. Ewu ibẹ̀ ni pé wọ́n tún lo àwòrán náà ní Áténì 1906, wọ́n kàn yí ọdún padà. Ẹ fi awò wo nọ́ńbà ọdún. Ilẹ̀ tó yí nọ́ńbà ká kò gbọdọ̀ jinlẹ̀ ju ilẹ̀ ìyókù lọ. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá ń ta 1896 ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá.

Bẹ̀rlín 1936, iṣẹ́ Otto Placzek, tóbi jù: mìlímítà 70. Àwọn eléré láti apá márùn-ún ayé ń fa okùn agogo. Wọ́n dà á púpọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe tóbi yẹn ló ń tú u fó: èyí tí wọ́n dà á dín ní mìlímítà kan ó lé, kálípà tó rọ̀ jù lọ́jà gan-an á rí i. Ohun tí ìjọba Hitler ìgbà yẹn fi ìdíje náà ṣe mú kí àwọn kan kọ̀ láti ní i nílé. Àwọn oníṣòwò kan kì í tà á rárá.

Fún ti Párìs, ẹ wo etí. Monnaie de Paris, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó ẹyọ ilẹ̀ Faransé, máa ń tẹ àmì síbẹ̀: fìtílà láti 1832, ìdákọ̀ró ní 1841, imú ọkọ̀ láti 1842, ọwọ́ tó nà ìka láti 1845, kòkòrò oyin láti 1860, ìwo tí èso kún inú rẹ̀ láti 1880 títí di ìsinsìnyí. Nítorí náà pátákó kékeré onígun mẹ́rin tí Frédéric Vernon ya fún 1900 gbọ́dọ̀ ní ìwo, akópa 1924 tí Raoul Bénard ya (mìlímítà 55) náà gbọ́dọ̀ ní i. Ṣùgbọ́n ìwo nìkan kò fi hàn pé ó ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ń fi òǹtẹ̀ àtijọ́ lu tuntun fún títà. Bí ọdún bíi 1975 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwo, tuntun ni, owó ohun ọ̀ṣọ́ ni kí ẹ san.

Helsinki 1952, tí Kauko Räsänen ya, mìlímítà 54, kì í ṣe ohun àtijọ́ lójú òfin, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí èyí tó kù kò ní: ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kópa nínú Òlíḿpíìkì. Josiah Majekodunmi, tó ti gba fàdákà nínú fífò sókè ní ìdíje ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Auckland ní 1950, gbé ipò kẹsàn-án níbẹ̀. Akópa Helsinki tó bá ní ìwé tó so ó mọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà jẹ́ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ ìwé ni ẹ ń ra níbẹ̀: káàdì ìdánimọ̀, lẹ́tà, fọ́tò tí orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára mẹ́dàlì nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́ lè gbẹ́ orúkọ lónìí.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó, mẹ́dàlì líìgì bọ́ọ̀lù kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ṣéènì aago. Fàdákà tàbí wúrà (375 fún wúrà onípele 9, ìyẹn 9 carat) ni púpọ̀ nínú wọn, lẹ́tà ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìlú sì ń sọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ní .625 lára ti ṣáájú 1933, torí 1932 ni wọ́n dá onípele 15 dúró.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ béèrè fọ́tò márùn-ún: ojú, ẹ̀yìn, etí ní ibi méjì, àti mẹ́dàlì lórí ìwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Òǹtajà tó bá ní òun kò lè ya etí ti dá yín lóhùn.

Ní ilé gbàǹjo, iye tí wọ́n pè nígbà tí òòlù balẹ̀ kọ́ ni iye tí ẹ ó san. Bí òòlù bá balẹ̀ sí £200, tí owó ilé gbàǹjo sì jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di £250. Bí wọ́n bá gba owó-orí VAT ìdá 20 lórí £50 yẹn, ó di £260, a kò tíì ka owó ìfiránṣẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò náà láti ẹ̀yìn wá: ẹ mú iye tó lágbára yín, kí ẹ fi 1.3 pín in, níbẹ̀ ni kí ọwọ́ yín ti sọ̀ kalẹ̀.

Bó bá ń bọ̀ wá sí Èkó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù pé mẹ́dàlì ìrántí àtijọ́ ni, kí wọ́n kọ ọdún rẹ̀, kí iye owó rẹ̀ sì bá rìsíìtì mu. Nọ́ńbà ọjà kọ́sítọ́ọ̀mù 9706 wà fún ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà 1908 àti 1912 lè wọlé síbẹ̀. 1948 kò tíì tó, 9705 tó jẹ́ ti ohun ìkójọ ló bá a mu jù. Kí wọ́n má kọ “wúrà” tàbí “fàdákà” gàdàgbà sẹ́yìn páálí.

Títọ́jú wọn

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí Brasso kan idẹ àtijọ́. Ohun tó dára fún àwo idẹ nínú ilé ló ń ba mẹ́dàlì jẹ́: àwọ̀ dúdú tí ọdún fi bò ó ni olùrà ń san owó fún, bó bá sì ti lọ kò ní padà. Bí ìdọ̀tí ọwọ́ bá wà, omi mímọ́ (distilled water) tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì, èyí tí kò ní ásíìdì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ti tó. Bí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bíi gírísì bá wà, àpò ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi pa á mọ́ ló fa á. Ẹ fi ásítóònù mímọ́ nù ún níbi tí atẹ́gùn ń gbà, jìnnà sí iná, kì í ṣe omi ìnu-èékánná tó ní òróró. Èyí tó bá rí bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ nù ún, iyọ̀ ló ń jẹ idẹ nínú. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi mẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan sínú pèpà tí kò ní ásíìdì, kí ẹ tò wọ́n sínú ike líle tó ní ìdérí tó dé dáadáa, pẹ̀lú síliká jẹ́ẹ̀lì (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò, síliká á tètè kún. Èyí tó ń yí àwọ̀ padà ni kí ẹ rà, kí ẹ gbé e sínú ààrò oníná mànàmáná ní bíi 110°C fún wákàtí méjì nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí. Irin funfun ní ìṣòro tirẹ̀: àpótí igi oak àti pákó pláìwúùdù tuntun máa ń tú ásíìdì jáde, á sì fi lẹ́búlẹ́bú funfun sára ohunkóhun tí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gbé 1912 sí òkè àjà tí kò ní ìgbóná. Tánńganran tó mọ́ jù kò fẹ́ kí ìgbà pẹ́ lórí òun ní abẹ́ 13°C.